Ojú Irin tí Ó Fẹ̀ Ju ti Aládùúgbò Lọ

Ẹni tí ó bá ti ilẹ̀ wa mọ rélùwéè, iṣẹ́ ìjọba ló mọ̀ ọ́n sí. Ìjọba amúnisìn ló la ọ̀nà irin láti Èkó dé Ìbàdàn, tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí rẹ̀ ní ọdún 1901. Ìjọba ló ń san owó oṣù awakọ̀, ìjọba náà ni èrò sì ń bú bí ọkọ̀ bá pẹ́. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe gbà pé báyìí náà ló rí ní Yúróòpù níbi tí nǹkan náà ti ṣẹ̀ wá.

Ní Nẹ́dálándì, kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ló kọ́kọ́ la ọ̀nà irin níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ gùn: Hollandsche IJzeren Spoorweg-Maatschappij. HSM ni wọ́n ń pè é ní kúkúrú, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà yóò sì máa pè é. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1837 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Amsterdam.

Ohun méjì ni ìtàn fi ń rántí ilé-iṣẹ́ yìí. Èkíní ni pé òun ló ní ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè náà. Èkejì ni pé ojú irin rẹ̀ fẹ̀ ju ti gbogbo aládùúgbò lọ, tí wọ́n sì wá dín in kù lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Wọ́n sábà máa ń sọ èkejì yìí bí ìtàn àwọn aláìgbọ́n. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó yan ìbú yẹn mọ iṣẹ́ wọn. Ìlú mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ọkọ̀ wọn yóò dé ni wọ́n ń rò, wọn kò ro ti ẹni tí yóò fẹ́ so irin tirẹ̀ mọ́ tiwọn lọ́la.

Omi ni ọ̀nà tẹ́lẹ̀

Ọdún 1839 ni rélùwéè dé Nẹ́dálándì. Bẹ́ljíọ̀m tó múlé tì í ti ní tirẹ̀ láti ọdún 1835, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti ṣáájú àwọn méjèèjì. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ló fà á, àwọn mìíràn ní àìlówó ni. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Owó wà ní Amsterdam lásìkò náà. Ohun tí kò sí ni ìnira tí ì bá lé wọn dìde.

Láti ọdún 1632 ni odò kan tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ti so Amsterdam mọ́ Haarlem. Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní trekschuit ló ń ná ojú omi náà. Ẹṣin ń rìn létí odò, ó ń fi okùn gígùn fa ọkọ̀ tẹ̀lé ara rẹ̀. Èrò jókòó sínú, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, wọ́n ń fa kòkò tábà. Ọkọ̀ náà ní àkókò tí ó ń gbéra. Bí aago bá ti lù, ó ti lọ nìyẹn, ì báà kún, ì báà má kún. Àwa tí a mọ bí wọ́n ṣe ń dúró kún ọkọ̀ ní gáréèjì yóò mọ iyì ìyẹn. Wákàtí méjì àti díẹ̀ ló fi ń dé Haarlem. Ẹni tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti ayé baba ńlá rẹ̀, kí ni yóò fi irin ṣe?

Ọ̀rọ̀ ọjà ló yí ọkàn wọn padà. Ní ọdún 1830, Bẹ́ljíọ̀m ya kúrò lára Nẹ́dálándì, kò sì pẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò ọ̀nà irin láti èbúté Antwerp títí dé Cologne létí odò Rhine ní ilẹ̀ Jámánì. Wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 1843. Ẹrù tó ń ti òkè odò Rhine sọ̀ kalẹ̀ wá sí Rotterdam àti Amsterdam ni ọ̀nà yìí fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn. Àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn pé àfi kí àwọn náà ní irin tiwọn.

Síbẹ̀, ọ̀nà tí HSM kọ́kọ́ là kò kọjú sí Jámánì rárá. Ó kẹ̀yìn sí i ni. Láti Amsterdam ó forí lé ìwọ̀-oòrùn lọ sí Haarlem, lẹ́yìn náà ó yà sí gúúsù, ó ń tọ ẹ̀yìn òkìtì yanrìn etíkun lọ sí Leiden, The Hague àti Rotterdam. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni ìdí ọ̀rọ̀ ìbú irin tí ń bọ̀ níwájú.

Bí ilé-iṣẹ́ aládàáni ṣe ń di onírélùwéè

Àṣẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà. Ọba Willem Kìíní ló fọwọ́ sí i ní ọdún 1836 pé kí wọ́n la ọ̀nà Amsterdam sí Haarlem. Àwọn ènìyàn máa ń ṣi irú àṣẹ yìí mú, wọ́n rò pé ọba bu ilẹ̀ fún wọn ni. Ó fara jọ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àjèjì tó ń san ìṣákọ́lẹ̀: ó lè dáko, ó lè jèrè oko rẹ̀, àmọ́ onílẹ̀ ní àdéhùn tí kò gbọdọ̀ rú. Ilé-iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti kọ́ ọ̀nà náà kí ó sì máa gba owó ọkọ̀ lórí rẹ̀. Ilẹ̀ tí irin yóò gbà kọjá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá owó rà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Owó náà wá láti ọwọ́ àwọn tó ra ìpín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá owó jọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ìwé ìpín rẹ̀, bí èrè bá sì wọlé wọ́n ń pín in ní ìwọ̀n ohun tí oníkálukú dá. Kìlómítà mẹ́rìndínlógún péré ni Amsterdam sí Haarlem, lójú tèmi, ọgbọ́n sì wà níbẹ̀. Bí òwò náà bá forí ṣánpọ́n, àdánù rẹ̀ kò ní pọ̀ jù.

Kì í ṣe pé ọba kò nífẹ̀ẹ́ sí rélùwéè. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ọ̀nà kejì, èyí tí yóò ti Amsterdam gba Utrecht lọ sí Arnhem, kí ó lè tibẹ̀ wọ Jámánì. Ilé-aṣòfin kọ̀ ọ́ ní ọdún 1838. Ọba ò jẹ́ kó bà á lọ́kàn jẹ́: ó fi owó ara rẹ̀ dúró fún èlé tí àwọn ayánilówó yóò gbà. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà nìyẹn, ó dé Utrecht ní 1843, ó dé Arnhem ní 1845. Ọdún 1845 yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ aládàáni mìíràn gbà á, ìyẹn Nederlandsche Rhijnspoorweg-Maatschappij, tí a ó máa pè ní NRS.

Ilẹ̀ tí kò le, àti ilẹ̀ tí onílẹ̀ kò tà

A sábà máa ń rò pé ẹ́ńjìnnì ni ohun tó ṣòro jù nínú ọ̀rọ̀ rélùwéè ayé àtijọ́. Ní ti HSM, ẹ́ńjìnnì ló rọrùn jù: wọ́n rà á ni. Ilé-iṣẹ́ Longridge ní Bedlington, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló rọ méjì àkọ́kọ́. De Arend ni orúkọ ọ̀kan, ìyẹn idì. De Snelheid ni ìkejì, ìyẹn eré sísá.

Ilẹ̀ ni wàhálà wà. Àbàtà ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ tó wà láàárín Amsterdam sí Haarlem, ó dúdú, ó rọ̀, omi kún inú rẹ̀ bí kànrìnkàn. Bí o bá da yanrìn lé e lórí kí o to irin sí i, yóò rì. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kó ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ jọ, wọ́n dì í ní ìdì-ìdì, wọ́n hun ún pọ̀ bí ẹní ńlá, wọ́n tẹ́ ẹní náà sórí àbàtà, kí wọ́n tó kó yanrìn lé e. Ẹní igi yìí ló ń pín ìwúwo ọkọ̀ káàkiri kí ó má bàa dá dúró lójú kan. Àwọn ará Nẹ́dálándì ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́ níbi tí wọ́n ti ń dí omi òkun. Frederik Willem Conrad, ẹnjiníà tó di olórí iṣẹ́ náà, iṣẹ́ omi ni òun náà ti wá.

Omi kò sì ní gbà fún irin. Níbikíbi tí ọ̀nà náà bá ti ré odò kọjá, ọkọ̀ ojú omi ló ni ẹ̀tọ́ àtijọ́ láti kọjá. Nítorí náà wọ́n ní láti kọ́ afárá tó lè ṣí, kí òpó ìgbòkun ọkọ̀ lè gba ibẹ̀ lọ.

Ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1839 ni wọ́n ṣí ọ̀nà náà. Ibùdókọ̀ ti Amsterdam kò tíì wọ inú ìlú, ìta ẹnubodè Haarlem ló wà. Ipò mẹ́ta ni ìjókòó pín sí. Àwọn olówó wọ kóòṣì tó ní òrùlé àti tìmùtìmù, bí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó dára. Àwọn mẹ̀kúnnù ipò kẹta jókòó sórí bẹ́ǹṣì pákó nínú wágọ́ọ̀nù tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, òjò ń rọ̀ lé wọn, èéfín ẹ́ńjìnnì sì ń fẹ́ sí wọn lójú. Àmọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí díẹ̀ lé ni gbogbo wọn fi dé, olówó àti mẹ̀kúnnù. Ọkọ̀ omi tí ẹṣin ń fà kò lè bá èyí díje.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n ń fa ọ̀nà náà gùn díẹ̀díẹ̀: Leiden ní 1842, The Hague ní 1843. Ìgbà tí wọ́n ń lọ sí Rotterdam ni wọ́n pàdé ọ̀gbẹ́ni Van der Gaag. Ọkùnrin yìí ní ilẹ̀ díẹ̀ nítòsí Delft, ilẹ̀ náà sì wà gan-an lójú ibi tí irin fẹ́ gbà. Òun àti ilé-iṣẹ́ kò gbọ́ ara wọn yé. Ìlú ńlá ńlá ti wà lẹ́yìn, Rotterdam wà níwájú, owó ti wọlẹ̀ tán, ilẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ní ọdún 1847, ilé-iṣẹ́ náà rí ọgbọ́n dá sí i: wọ́n to irin ní kọ́nà, wọ́n yí ilẹ̀ Van der Gaag po, wọ́n sì padà bọ́ sójú ọ̀nà lódìkejì. Ọkọ̀ tó ń sá eré bọ̀ láti The Hague yóò rọra fà bí ó bá dé ibẹ̀, nítorí ọkọ̀ ojú irin kò lè yà bíi ti ẹlẹ́ṣin. Ọkọ̀ dé Rotterdam ní oṣù Kẹfà ọdún náà, pẹ̀lú kọ́nà náà. Ìgbà tó yá ni wọ́n tó yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà tí ọ̀nà fi tọ́. Títí di òní, àwọn tó mọ ìtàn rélùwéè níbẹ̀ kò gbàgbé orúkọ ọkùnrin náà.

Mìlímítà 1945

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ ìbú irin. Ìbú ojú irin ni àlàfo tó wà láàárín irin ọ̀tún àti irin òsì, tí wọ́n ń wọ̀n láti etí inú ọ̀kan dé etí inú ìkejì. Mìlímítà 1435 ni èyí tó wọ́pọ̀ jù láyé. Ti HSM jẹ́ 1945. Ó fi ìdajì mítà àti díẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ.

Kí ló dé tí àṣìṣe díẹ̀ kò fi ṣeé fojú fò níbẹ̀? Ìdí rẹ̀ wà lára ẹsẹ̀ ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ irin méjì ni wọ́n kàn pa mọ́ ọ̀pá irin kan, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n sì ń yí pọ̀. Kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ní etí tó yọ sísàlẹ̀ ní ìhà inú, etí yìí ló ń fara ti irin kí ọkọ̀ má bàa yẹ̀. Ọ̀pá náà kò ṣeé nà, kò ṣeé fún pọ̀. Bí irin bá fẹ̀ ju bí ọ̀pá ṣe gùn lọ, kẹ̀kẹ́ yóò já sí àárín. Bí irin bá fún jù, kẹ̀kẹ́ kò ní gùn ún rárá. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa: ọ̀nà irin àtijọ́ tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn jẹ́ mìlímítà 1067, tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021 sì jẹ́ 1435. Ìlú kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ, síbẹ̀ kóòṣì ọ̀kan kò lè gun irin ìkejì.

Àwọn tó yan 1945 ní ìdí. Nígbà náà, wọ́n gbà pé bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá yà síra, ọkọ̀ yóò dúró dáadáa bó bá ń sáré, àyè yóò sì wà láàárín kẹ̀kẹ́ fún ìkòkò omi gbígbóná tó tóbi. Kì í ṣe àwọn nìkan ló rò bẹ́ẹ̀. Lọ́dún díẹ̀ ṣáájú, Isambard Kingdom Brunel, tí orúkọ rẹ̀ kò kéré nínú iṣẹ́ ẹnjiníà, yan ìbú tó lé ní mítà méjì fún Great Western Railway ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń sáré, ó ń ta yọ.

Ta ni ó wá sọ pé 1435 ni ó tọ̀nà? Kò sí ẹni tó fi ìṣirò jókòó yàn án gẹ́gẹ́ bí èyí tó dára jù. Ìbú tí George Stephenson bá lójú irin àwọn ibi ìwakùsà èédú ní àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń lò, àwọn tó ra ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ sì ra ìbú náà mọ́ ọn. (Ẹ máa gbọ́ ìtàn àwọn kan tó ní ìdí ẹṣin méjì àwọn ará Róòmù ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ẹ má fi ṣẹ̀rí.) Bẹ́ljíọ̀m gbà á, Prọ́ṣíà ní ilẹ̀ Jámánì náà gbà á. Ìdí kan ṣoṣo tó fi borí ni pé àwọn tó ti ń lò ó pọ̀.

NRS, tí òun náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbú ńlá bíi ti HSM, ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dùn. Jámánì ni ọ̀nà tirẹ̀ ń lọ. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹrù tó bá dé ibodè ni wọ́n yóò máa sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n tún un dì sínú ọkọ̀ mìíràn, pẹ̀lú owó alábàárù, ìfọ́ àti olè. Kí ni àǹfààní irin lórí omi nígbà náà? Ní nǹkan bí ọdún 1855 ni NRS sún irin rẹ̀ wá sí 1435, ní 1856 ọ̀nà rẹ̀ sì wọ Prọ́ṣíà.

HSM dúró títí di 1866. Àwọn tó ń fi èyí bú u pé olóríkunkun ni gbàgbé ibi tí ọ̀nà rẹ̀ gbà. Etíkun ni, èrò ni ó ń gbé jù, kò sì sí aládùúgbò tí irin rẹ̀ kan tirẹ̀. Ní Rotterdam, ibùdókọ̀ tirẹ̀ wà ní ibì kan, ti NRS wà ní ibòmíràn. Ní Amsterdam náà, bákan náà ni. Mìlímítà 510 tó fi jù kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹni tó fẹ́ kọjá.

Dídín irin kù rọrùn ju fífẹ̀ ẹ́ lọ. Afárá tó gba ọkọ̀ ńlá yóò gba kékeré, ilẹ̀ tí wọ́n ti rà tó, pèpéle ibùdókọ̀ ni wọ́n kàn ní láti wò. Wọ́n ń tú irin kúrò lára igi ìdábùú, wọ́n ń sún un wọnú, wọ́n ń kàn án padà. Ibi tí owó ń lọ ni ara ọkọ̀: gbogbo ọ̀pá àti kẹ̀kẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ní ni kò wúlò mọ́. Kóòṣì lè gba ẹsẹ̀ tuntun. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ́ ìkòkò omi rẹ̀ mọ́ àárín kẹ̀kẹ́ kò rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ìjọba kọ́ ọ, aládàáni wà á

Ohun tó fi ipá mú HSM ni òfin kan tí ìjọba ṣe ní ọdún 1860. Títí di ìgbà náà, ibi tí owó bá wà nìkan ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń la ọ̀nà dé. Àríwá àti gúúsù orílẹ̀-èdè náà ń wo òfìfo. Ìjọba pinnu pé òun yóò kọ́ ìyókù. Òun ló kọ́ àwọn afárá ńláńlá tí aládàáni kò lè dá lé, bí èyí tó wà ní Culemborg, tí wọ́n parí ní 1868. Apá rẹ̀ tó gùn jù tó mítà 154, kò sì sí afárá ojú irin tí apá rẹ̀ tó o ní Yúróòpù nígbà náà.

Ìjọba kọ́ ọ, àmọ́ kò fẹ́ wa ọkọ̀. Ní 1863 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa wa ọkọ̀ lórí irin ìjọba, Maatschappij tot Exploitatie van Staatsspoorwegen, SS ní kúkúrú. Orúkọ ìjọba tó wà lára rẹ̀ ti tan ọ̀pọ̀ òǹkàwé jẹ. Aládàáni ni SS, bíi ti HSM. HSM fúnra rẹ̀ náà gbà láti máa wa ọkọ̀ lórí irin ìjọba tó lọ sí Den Helder láti 1865. Bí irin ìjọba ṣe tàn káàkiri, tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 1435, HSM kò lè dá tirẹ̀ jẹ́ mọ́.

Nígbà tí ìbú ti dọ́gba tán, ìdíje ló kù. HSM náà kọjú sí ìlà-oòrùn: ní 1874 ó ṣí ọ̀nà Amsterdam gba Hilversum lọ sí Amersfoort. Láàárín Amsterdam sí Rotterdam, èrò lè yan ti HSM tó gba Haarlem, tàbí ti NRS tó gba Utrecht. Ìjọba ra NRS ní 1890, ó sì pín ọ̀nà rẹ̀ fún HSM àti SS, kí àwọn méjì tó kù lè lágbára tó láti máa bá ara wọn díje. Ìdíje náà gba owó púpọ̀, ìlú kan náà ń bọ́ ilé-iṣẹ́ méjì. Ogun Àgbáyé Kìíní ló parí rẹ̀, èédú wọ́n, owó iṣẹ́ gun òkè, ní 1917 HSM àti SS pa iṣẹ́ wọn pọ̀. Wọn ò fi orúkọ wọn sílẹ̀ pátápátá títí di 1938, tí Nederlandse Spoorwegen, tí ìjọba ni gbogbo ìpín rẹ̀, fi gba gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé HSM wó lulẹ̀ ṣì í sọ. Wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ohun tó jù ú lọ ni.

Ó tún ṣáájú lẹ́ẹ̀kan sí i

Kí wọ́n tó dà á pọ̀, HSM ló tún wà nídìí ọkọ̀ ojú irin ńlá àkọ́kọ́ tó ń lo iná mànàmáná ní Nẹ́dálándì. Ọ̀nà náà ti Rotterdam gba The Hague lọ sí Scheveningen létí òkun, wọ́n ṣí i ní 1908. Ilé-iṣẹ́ kékeré mìíràn ló kọ́ ọ, HSM ló ń wa ọkọ̀ lórí rẹ̀. Fólítì 10,000 ni wọ́n gbé sára wáyà òkè rẹ̀, oríṣi iná tó ń lọ síwá sẹ́yìn, iṣẹ́ tó mọ́yán lórí nígbà náà.

Ìgbà tó di pé wọ́n fẹ́ fi iná sí ọ̀nà ìyókù, fólítì 1500 tó ń lọ síhà kan ṣoṣo ni wọ́n yàn fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọkọ̀ tó ń jẹ ti 10,000 kò lè jẹ èyí. Ní 1926, wọ́n yí ọ̀nà Scheveningen padà sí 1500. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, iná dé gbogbo ọ̀nà àtijọ́ HSM láti Amsterdam, gba Haarlem, Leiden àti The Hague, títí dé Rotterdam, fólítì 1500 kan náà.